Sítírípù Kan, Ihò Mẹ́fà: Iṣẹ́ Òòfà Nínú Àyẹ̀wò Táífọ́ọ̀dù

Sítírípù TUBEX TF kan ṣoṣo, ìyẹn àyẹ̀wò kíákíá tó ń wá àmì táífọ́ọ̀dù nínú ẹ̀jẹ̀, ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Ihò mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, ìdí ihò kọ̀ọ̀kan sì ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V. Ihò kìíní àti ìkejì wà fún kọ́ńtíróòlù, ìyẹn omi tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin tó kù gba sírọ́ọ̀mù àwọn mẹ́rin tí ibà ń dà láàmú, ìyẹn omi tó máa ń yọ sójú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì. A kó àwọn aláìsàn mẹ́rin yìí jọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ kí ihò kọ̀ọ̀kan lè fi ohun kan hàn. Wọn kì í ṣe ẹnì kan pàtó ní ilé ìwòsàn kan. Ìwọ̀n omi, iye ìṣẹ́jú àti ìtumọ̀ nọ́ńbà ni ti kíìtì gan-an, èyí tí ilé-iṣẹ́ IDL Biotech gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Sweden.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná tó sì yà sí láàbù ìtòsí kì í pẹ́ gbọ́ pé màlẹ́ríà àti táífọ́ọ̀dù ló dì mọ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà. Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù yẹn lé. Oògùn apakòkòrò á tẹ̀ lé e, owó á lọ, ohun tó ń fa ibà náà gan-an sì lè wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó wá a kàn. Kí a tó gbé òòfà sórí tábìlì, ó yẹ kí a mọ ibi tí Widal ti ń kọsẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni òòfà ti wúlò.

Odindi bakitéríà nínú ẹ̀kán omi

Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé àyẹ̀wò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní 1896. Bakitéríà Salmonella Typhi tí wọ́n ti pa, tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí àńtíbọ́dì (ohun tí ara ń ṣe láti bá kòkòrò àìsàn jà) tó bá a mu bá wà nínú sírọ́ọ̀mù aláìsàn, àńtíbọ́dì kan á fi apá kan di bakitéríà kan mú, á fi apá kejì di òmíràn mú, títí tí wọn á fi ṣù pọ̀ débi tí ojú lásán á rí i. Lórí síláìdì, máíkírólítà (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà) 80, 40, 20, 10 àti 5 sírọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ẹ̀kán omi bakitéríà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ka ìwọ̀nyẹn sí 1:20, 1:40, 1:80, 1:160 àti 1:320; bí nọ́ńbà ẹ̀yìn tó ṣì ń ṣù pọ̀ bá ṣe ga tó ni àńtíbọ́dì ṣe pọ̀ tó. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń mì í kí wọ́n tó wò ó.

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà lára bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Àńtíjìn O, ìyẹn àmì ara bakitéríà tí àńtíbọ́dì ń dì mú, tó wà lára S. Typhi kò mọ́ sí ẹyọ kan: O9 wà níbẹ̀, O12 náà wà níbẹ̀. O12 yìí wà lára S. Paratyphi A, ó wà lára S. Typhimurium, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ Salmonella mìíràn tí kò ní ohun kankan í ṣe pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù. Ẹni tí Typhimurium ti bá jà rí lè ní àńtíbọ́dì O12 nínú ẹ̀jẹ̀, àńtíbọ́dì yẹn á sì ṣù bakitéríà Widal pọ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún ní táífọ́ọ̀dù. Ní ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù Sàhárà, níbi tí Typhimurium àti Enteritidis ti máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, èyí kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ìṣòro kejì wà lójú ẹni tó ń wò ó. Ìṣùpọ̀ kékeré ṣòro láti fi ìyàtọ̀ sí. Bí síláìdì bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, etí omi á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, yóò sì ní hóró wínníwínní tó jọ ìṣùpọ̀. Ẹni méjì lè wo síláìdì kan náà kí ọ̀kan kọ 1:80, kí èkejì kọ 1:160.

Ìkẹta ló fara sin jù. Bí àńtíbọ́dì bá pọ̀ jù, ìṣùpọ̀ lè má wáyé rárá. Gbogbo ojú ibi tí àńtíbọ́dì lè dì mú lára bakitéríà á ti kún, kò sì ní sí ibi òfìfo tí apá kejì àńtíbọ́dì lè nà dé láti so bakitéríà méjì pọ̀. Ẹni tí àìsàn náà wọ̀ lára jù lọ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí èsì tó ní kò ṣe é, pàápàá tí láàbù bá lo ìwọ̀n sírọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí kò sì fi omi là á.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Hong Kong

Ní 1998, Pak-Leong Lim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Malaysia, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù oníṣẹ́jú méjì, tí a ń ṣe nínú ihò kékeré, èyí tó di TUBEX. Wọ́n gbé odindi bakitéríà kúrò. Ohun tí wọ́n mú lára rẹ̀ ni LPS, ìyẹn èròjà ọlọ́ràá òun ṣúgà tó bo ara rẹ̀ lóde, èyí tí O9 wà lórí rẹ̀. Ṣúgà kan tó ń jẹ́ tyvelose ló sọ O9 di O9. Kò wọ́pọ̀ láàrin ohun abẹ̀mí. Wọ́n fi LPS yìí kun hóró òòfà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn. Lọ́wọ́ kejì, wọ́n mú hóró látẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì fi irú àńtíbọ́dì kan ṣoṣo, tó ń di O9 nìkan mú, kùn ún.

Bí a bá pa búráùn àti búlúù pọ̀, wọ́n á di ara wọn mú. Bí a bá gbé ihò sórí òòfà, búráùn á lọ sísàlẹ̀, á sì wọ́ búlúù tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ohun tó kù lókè ni omi pupa, nítorí èròjà pupa tó ti yòrò wà nínú omi náà látìbẹ̀rẹ̀. Pupa túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́: nẹ́gẹ́tífù. Àmọ́ bí sírọ́ọ̀mù aláìsàn bá ní àńtíbọ́dì O9, yóò ti jókòó sórí búráùn kí búlúù tó dé, bí ìgbà tí àlejò ti gba gbogbo àga kí onílé tó wọlé. Búlúù kò ní rí ibi dì mú. Òòfà á wọ́ búráùn lọ, búlúù á ṣẹ́kù lókè, omi á sì di búlúù: pọ́sítífù.

Ẹ wò ó bí èyí ṣe yanjú ìṣòro mẹ́ta yẹn. LPS tó wà lára búráùn ṣì ní O12, àńtíbọ́dì O12 sì lè dì í mú. Ṣùgbọ́n O9 nìkan ni búlúù ń wá, torí náà ẹni tó gba àyè O12 kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìkejì ni ti ojú: àwọ̀ omi là ń kà, a ò wá hóró kéékèèké mọ́. Ìkẹta sì ni pé àńtíbọ́dì púpọ̀ kò lè ba èsì jẹ́. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdínà ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni búlúù ń dúdú sí i.

Ibí yìí ni a rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi òòfà lóye. Wọ́n rò pé ó ń jẹ́ kí àyẹ̀wò «lágbára». Òòfà fúnra rẹ̀ kò mọ táífọ́ọ̀dù yàtọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń ya ohun tó dì mọ́ búráùn kúrò lára ohun tí kò dì mọ́ ọn, kíákíá, láìlo sẹ́ńtírífúùjì (ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ya ohun tó wúwo kúrò lára omi) àti láìṣan nǹkan kan. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé odindi bakitéríà sílẹ̀ kí wọ́n sì lo ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ṣoṣo.

Fún èyí láti ṣẹlẹ̀, hóró òòfà kò gbọdọ̀ jẹ́ òòfà ní gbogbo ìgbà. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú hóró òòfà tí láàbù ń lò ni irin tó ti dípẹtà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mágínẹ́táìtì, tí wọ́n lọ̀ tó kéré dé ìwọ̀n nánómítà díẹ̀ kí wọ́n tó fi ike bò ó. Nígbà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ó ń fà nígbà tí òòfà ńlá bá wà nítòsí nìkan; bí a bá gbé òòfà ńlá náà kúrò, agbára rẹ̀ á tán. Ká ní ó ṣì ń fa ara rẹ̀ lẹ́yìn náà ni, gbogbo hóró ì bá ti dì gbàgì nínú ìgò. John Ugelstad àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Trondheim, Norway, wà lára àwọn tó sọ hóró oníwọ̀n kan náà di ohun tí láàbù káàkiri ayé lè rà, láàrin àwọn ọdún 1970 sí 1980. Òun ni wọ́n sọ di Dynabeads.

Sítírípù wa, láti ìbẹ̀rẹ̀

Fíríìjì, láàrin 2 sí 8 °C, ni kíìtì ń gbé. Kò gbọdọ̀ dì. Bí omi tó wà láàrin àwọn hóró bá di yìnyín, ó ń tì wọ́n mọ́ra wọn, wọn kì í sì fọ́nká dáadáa mọ́ lẹ́yìn tó bá yọ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má ṣe tì í mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín ti máa ń gbá jọ. A óò gbé e jáde kí ó gba ooru yàrá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgò búráùn ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Hóró òòfà wúwo ju omi lọ, ó máa ń sùn sí ìdí ìgò. Ẹ yí i sókè yí i sílẹ̀ títí tí ìdí ìgò kò fi ní àbàwọ́n mọ́. Ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n débi tí yóò fi hó, torí afẹ́fẹ́ inú ìfófò á wọ pìpẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n á sì yingin. Ìgò búlúù náà nílò yíyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kì í tètè sùn tó bẹ́ẹ̀.

Máíkírólítà 45 búráùn lọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Máíkírólítà 45 kọ́ńtíróòlù nẹ́gẹ́tífù lọ sí ihò kìíní, 45 kọ́ńtíróòlù pọ́sítífù sí ìkejì, 45 sírọ́ọ̀mù ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ìkẹta títí dé ìkẹfà. Ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì tuntun fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á sókè fà á sílẹ̀ láti pò ó, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 2. Ìṣẹ́jú méjì yìí ni àǹfààní tí àńtíbọ́dì aláìsàn ní láti gba àyè kí búlúù tó dé. Ẹni tó bá fò ó kọjá ti dín agbára àyẹ̀wò náà láti rí àìsàn kù.

Lẹ́yìn náà, máíkírólítà 90 búlúù sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ di 180, tí sírọ́ọ̀mù jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Ẹ fi téèpù inú kíìtì bo ojú ihò, ẹ tẹ àárín ihò kan sí èkejì dáadáa kí omi má baà gbabẹ̀ kọjá. Ẹ dá sítírípù dùbúlẹ̀ kí omi lè na ara rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n lọ bọ̀ fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ gbé e sórí pèpéle òòfà fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi àwọ̀ rẹ̀ wé àtẹ àwọ̀ tó bá a wá, láti 0 tó pupa jù lọ dé 10 tó búlúù jù lọ.

Nọ́ńbà 2 àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tífù. Nọ́ńbà 3 kò dájú. A óò tún àyẹ̀wò náà ṣe, bó bá sì tún jẹ́ 3, a óò gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nọ́ńbà 4 àti 5 jẹ́ pọ́sítífù tí kò lágbára, 6 sí 10 jẹ́ pọ́sítífù tó lágbára. Bí àwọ̀ ihò kan kò bá ṣe é kà rárá, lẹ́tà I là ń kọ fún un.

Ihò kìíní àti ìkejì

Kọ́ńtíróòlù nẹ́gẹ́tífù gbọ́dọ̀ pupa, kọ́ńtíróòlù pọ́sítífù gbọ́dọ̀ búlúù gidi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yẹsẹ̀, ẹ má ka ihò mẹ́rin tó kù. Ohun tó sàn ni kí ẹ wá ibi tó ti bàjẹ́, àwọ̀ kọ́ńtíróòlù fúnra rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí i.

Ká ní nẹ́gẹ́tífù wá búlúù díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé búlúù ṣẹ́kù lókè láìsí àńtíbọ́dì kankan tó dí i lọ́wọ́. Ohun tó máa ń fà á jù ni pé búráùn kò tó: bóyá wọn kò yí ìgò dáadáa, tó fi jẹ́ pé omi lásán ni pìpẹ́ẹ̀tì fà, tàbí wọ́n fi máíkírólítà 30 síbi tó yẹ kí 45 wà. Búlúù pọ̀ ju hóró òòfà tó yẹ kó wọ́ ọ lọ. Ohun kejì ni gbígbọ̀n tí kò tó. Hóró búráùn àti búlúù nílò kí wọ́n kan ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó dì mú. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 40, tàbí tó gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú sítírípù ní òòró, kò jẹ́ kí omi inú ìdí ṣóńṣó yẹn pò mọ́ tòkè. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà, gbígbọ̀n ló yẹ kí a fojú sí jù, torí kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ẹni ló ń ṣe é. Láàbù tó ní ẹni púpọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí yẹ kí ó fi aago sí i, kí gbogbo wọn sì fẹnu kò sí bí ọwọ́ yóò ṣe lọ yóò ṣe bọ̀.

Bí kọ́ńtíróòlù pọ́sítífù bá wá pupa ńkọ́? Bóyá búlúù kò tó, tó fi jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni búráùn rí wọ́ lọ. Bóyá kọ́ńtíróòlù kò tó 45. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe é fi búlúù sí i kí ó tó fi kọ́ńtíróòlù sí i, tí búlúù fi gba gbogbo àyè.

Bí omi ihò gbogbo bá rí rọ́ndọ̀rọ́ndọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ búráùn, òòfà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dá a padà sórí pèpéle, kí ẹ rí i pé ìdí ihò kan ojú òòfà gan-an. Ìdọ̀tí tàbí gọ́ọ̀mù téèpù tó lẹ̀ mọ́ pèpéle lè gbé sítírípù sókè díẹ̀, agbára òòfà sì máa ń dín kù gan-an bí a bá sún kúrò lára rẹ̀ ní mílímítà díẹ̀ péré.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ipa. Lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò, àwọ̀ àlùkò tó wà láàrin pupa àti búlúù máa ń sún sọ́dọ̀ pupa. Ojú fèrèsé ní ọ̀sán, tàbí gílóòbù funfun, ni kí ẹ ti kà á, pẹ̀lú ìwé funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ dáadáa kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò kà á.

Ihò kẹta: ọjọ́ kẹta ibà

Èsì rẹ̀ jẹ́ 1. Nẹ́gẹ́tífù ni, àyẹ̀wò náà kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni ibà yìí wà. Àńtíbọ́dì IgM, irú tí ara máa ń kọ́kọ́ ṣe, èyí tí TUBEX ń gbára lé jù, sábà máa ń pọ̀ tó ohun tí a lè rí lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹta, táífọ́ọ̀dù lè wà nínú ara kí àńtíbọ́dì má tíì wà. Nẹ́gẹ́tífù ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè lé táífọ́ọ̀dù jáde. Bí ibà bá ń bá a lọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún gbígbìn (kí bakitéríà inú rẹ̀ lè hù ní láàbù) nísinsìnyí kó tó di pé oògùn apakòkòrò wọ ara.

Ihò kẹrin: ọjọ́ kẹsàn-án

Nọ́ńbà 8, búlúù dáadáa. Bí ibà tó ti wọ ọjọ́ kẹsàn-án bá bá a mu, tí orí ń fọ́, tí inú ń run, tí àyẹ̀wò màlẹ́ríà sì jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, dókítà ní ìdí tó dára láti fura sí táífọ́ọ̀dù.

Ohun kan ṣì wà láti rántí. S. Enteritidis pẹ̀lú ní O9. Ẹni tó ní Enteritidis nínú ẹ̀jẹ̀ lè mú TUBEX di búlúù bákan náà. Lọ́wọ́ kejì, S. Paratyphi A kò ní O9. O2 ni tirẹ̀. Àìsàn tó jọ táífọ́ọ̀dù gan-an, tí Paratyphi A fà, lè gba TUBEX TF kọjá kí ó sì wá pupa. Kíìtì kan náà kò lè rí méjèèjì.

Àfikún kan tí a rò pé ó dùn mọ́ni: nítorí pé ìdínà ni àyẹ̀wò yìí ń wọ̀n, kì í ṣe àńtíbọ́dì nìkan ló lè fa búlúù. Bí LPS fúnra rẹ̀ bá wà lófìfo nínú omi ara tí a fi sí ihò, yóò di àńtíbọ́dì tó wà lára hóró búlúù mú, búlúù náà kò sì ní lè di búráùn mú. Èsì kan náà, ohun tó fà á yàtọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbìyànjú láti lo ìlànà yìí fún ìtọ̀, láti wá ara bakitéríà dípò àńtíbọ́dì.

Ihò karùn-ún: sírọ́ọ̀mù pupa

Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ yìí lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ó fà á pẹ̀lú agbára, ó sì tú u sínú ìgò láti ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa fọ́, àwọ̀ wọn sì yòrò sínú sírọ́ọ̀mù. Nínú Widal, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, torí ìṣùpọ̀ là ń wò. Nínú TUBEX, pupa túmọ̀ sí nẹ́gẹ́tífù, sírọ́ọ̀mù sì jẹ́ ìdá mẹ́rin omi tó wà nínú ihò. Búlúù tó yẹ kó hàn á wọlé sínú àwọ̀ àlùkò, ẹni tó ń kà á á sì kọ 2 síbi tí 5 wà. Òòfà ló mú wa kúrò lọ́wọ́ ìṣùpọ̀. Àwọ̀ tó fi rọ́pò rẹ̀ ló sọ ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ di ewu. Lẹ́tà I ni a kọ sí ihò yìí.

Ọ̀nà kan wà tí hóró òòfà fi lè gba irú sírọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ là. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, àńtíbọ́dì ti dì mọ́ búráùn. A lè fi òòfà gbá búráùn jọ, kí a fa omi pupa dànù, kí a fi omi bọ́fà ṣan án, kí a tó fi búlúù sí i. Odindi bakitéríà kò jẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ láìsí sẹ́ńtírífúùjì. Ṣùgbọ́n èròjà pupa inú omi náà lè bá ohun tí a dà nù lọ, àtẹ àwọ̀ kò sì ní bá a mu mọ́. Láàbù tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ṣe é fún kọ́ńtíróòlù méjèèjì pẹ̀lú kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Gbígba ẹ̀jẹ̀ mìíràn dáadáa rọrùn jù, òun la sì gbà níyànjú: abẹ́rẹ́ tó fẹ̀ díẹ̀, kí a yọ abẹ́rẹ́ kúrò kí a tó tú ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ̀jẹ̀ dì tán kí ó tó wọ sẹ́ńtírífúùjì.

Ihò kẹfà: nọ́ńbà 3

Ẹni yìí mú ìwé Widal wá láti ibòmíràn: O jẹ́ 1:160. TUBEX fún un ní 3. A tún un ṣe, 3 náà ni. Kò sí ìtakora nínú èyí. Ìṣùpọ̀ Widal yẹn lè jẹ́ ti O12, ó sì lè jẹ́ ti àìsàn àtijọ́, nítorí ní ibi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lera ló ń gbé àńtíbọ́dì kiri. Ó sì lè jẹ́ táífọ́ọ̀dù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tì í sí 4 nítorí ìwé Widal tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 3 tí àwọ̀ náà fi hàn ni kí ó wà lórí ìwé èsì.

Ohun tí èsì náà wúwo tó

Àyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nínú ẹni 100 tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, TUBEX ń rí nǹkan bí 78. Nínú ẹni 100 tí kò ní in, ó ń dá nǹkan bí 87 sílẹ̀. Àkójọ mìíràn ní 2013 fi 69 àti 88 sí i. Àwọn tó kọ ti Cochrane parí rẹ̀ sí pé àwọn àyẹ̀wò kíákíá wọ̀nyí kò tíì péye tó láti gba ipò gbígbin ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú 78 àti 87. Bí ẹni 1,000 tí ibà ń ṣe bá wọlé, tí 100 nínú wọn sì ní táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò á mú 78, á pàdánù 22. Nínú 900 tí kò ní in, yóò fi ẹ̀sùn kan 117. Ìwé pọ́sítífù 195 á jáde, 78 péré ni òótọ́, ìyẹn bí 40 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 300 ló ní in nínú 1,000, òótọ́ á di 234, ẹ̀sùn èké á di 91, ìwé pọ́sítífù tó jẹ́ òótọ́ á sì di 72 nínú 100. Kíìtì kan náà, ọwọ́ kan náà, òòfà kan náà ni. Ẹni tí a yàn láti ṣe àyẹ̀wò fún ló yàtọ̀. Láàbù tó bá ń fi TUBEX yẹ gbogbo ẹni tí orí ń fọ́ wò ti sọ àǹfààní O9 nù kí ó tó ṣí ìgò.

Gbígbin ẹ̀jẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó ń rí bí 40 sí 60 nínú 100, nítorí nígbà púpọ̀ bakitéríà kan ṣoṣo, tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ló ń wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Mùdùnmúdùn inú eegun dára jù ú lọ, àmọ́ gbígbà á ń dunni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré. Ọ̀pọ̀ ti béèrè ìdí tí a kò fi lè fi hóró òòfà gbá bakitéríà fúnra rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún Salmonella inú oúnjẹ. Ìṣirò yẹn ló dáhùn: nínú mílílítà 5, bakitéríà bíi márùn-ún ni a ń lé kiri láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì pupa. Oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí bakitéríà inú rẹ̀ pọ̀ sí i fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó fi òòfà sí i.

Ìwé èsì sítírípù wa jáde báyìí. Ihò kẹta: 1, nẹ́gẹ́tífù, ọjọ́ kẹta ibà, kí a gbin ẹ̀jẹ̀, kí a tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Ihò kẹrin: 8, pọ́sítífù tó lágbára, kí a gbin ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì dán oògùn wò lára bakitéríà tó bá hù. Ihò karùn-ún: I, ẹ̀jẹ̀ fọ́, kí a gba òmíràn lónìí. Ihò kẹfà: 3, ẹ̀ẹ̀mejì, kí a gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí a sì tọ́jú sírọ́ọ̀mù tòní sínú fíríìsà, kí ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn lè wọ sítírípù kan náà lọ́jọ́ kan náà.